Ẹ Jẹ́ Kí Ike Mi Máa Jẹ́ Àìná

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín láti Òṣogbo, tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé àwọn Yorùbá kan ní London ń fi orúkọ ọmọ ènìyàn pe ike tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú igbó, pé ìwọ̀sí gbáà ni, àti pé ẹni tó bá pe ike ní Àìná kò mọ iyì orúkọ. Wọn kò dárúkọ ẹni tó ṣe é. Kí wọ́n má wulẹ̀ dààmú ara wọn: èmi ni mo ni Àìná. Abbey Wood ló wà, ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn London. Èmi ni mo fi í síbẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà kò sì ní yí padà.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí. Geocaching ni wọ́n ń pe eré náà. Ẹnìkan á fi ike tàbí agolo kékeré pamọ́ sí ìta gbangba, á fi GPS wo ibi tó wà gan-an, á sì gbé nọ́ńbà ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn á gbé fóònù, á máa wá a lọ. Tó bá rí i, á kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé pẹlẹbẹ tó wà nínú ike náà, á dá a padà síbi tó ti mú un, á bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀bùn, kò sí owó. Dókítà ló ní kí n máa rìn lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì, ìrìn lásán sì máa ń sú mi. Bí n kò bá ní nǹkan tí mò ń wá, mi ò kì í dé ìkóríta kejì kí n tó yí padà sílé.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni eré náà bẹ̀rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ìjọba Amẹ́ríkà ń mọ̀ọ́mọ̀ da GPS rú mọ́ àwọn ará ìlú lọ́wọ́, débi pé ó lè fi ọgọ́rùn-ún mítà ṣìnà. Ààrẹ Clinton ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer ti gbé garawa dúdú kan pamọ́ sínú igbó nítòsí Beavercreek, ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ìwé wà nínú rẹ̀, fídíò wà níbẹ̀, kànnàkànnà wà níbẹ̀, agolo ẹ̀wà kan náà sì wà níbẹ̀. Stash ni wọ́n kọ́kọ́ ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Oṣù yẹn kò tíì parí tí àwọn kan fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ń rùn bí oògùn olóró tí wọ́n gbé pamọ́ fún ọlọ́pàá, ni Matt Stum bá mú geocaching wá. Ìkànnì tí gbogbo wa ń lò lónìí kò sí nígbà yẹn, oṣù Kẹsàn-án ló dé. Orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé orúkọ kò ṣe pàtàkì nínú eré yìí.

Ike kọ̀ọ̀kan ni ìkànnì máa ń fún ní nọ́ńbà tirẹ̀, GC ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Orúkọ, ọwọ́ ẹni tó fi ike pamọ́ ló kù sí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣọ̀lẹ. Ní ìpínlẹ̀ Nevada, lẹ́bàá ọ̀nà 375, ike tó ju ẹgbẹ̀rún lọ ni wọ́n tò sínú aṣálẹ̀ bí ẹni gbin àgbàdo, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, èyí tó bá wà nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì, Church Micro ni wọ́n ń pè é, wọ́n á wá fi nọ́ńbà àti orúkọ abúlé sí i nídìí. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ kó gbogbo wọn jọ, n kò jiyàn. Mo ti wá púpọ̀ nínú wọn. Ẹ ní kí n dárúkọ ọ̀kan tí mo rántí, n kò ní rí i dá. Nínú igbó Lesnes tó wà lẹ́yìn ilé mi, níbi tí Richard de Luci kọ́ ilé àwọn àlùfáà sí ní 1178, tí òkúta ahoro rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ lónìí, tí òdòdó dáfódìlì ìgbẹ́ máa ń tàn bo ilẹ̀ nínú oṣù Kẹta, mo rí ike kan tí ẹni tó ni ín kàn pè ní ìrìn inú igbó, nọ́ńbà keje. Ibi tó dára tó báyẹn! Inú bí mi débi pé mo jókòó sórí ìjókòó kí n tó lè kọ orúkọ mi sínú ìwé rẹ̀.

Àwọn òyìnbó tí kò bá fi nọ́ńbà ṣe é, wọ́n á máa fi cache, orúkọ tí wọ́n ń pe ike náà, ṣe ẹ̀fẹ̀, torí pé bí cash, ìyẹn owó, ló ṣe ń dún lẹ́nu wọn. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pa mí lẹ́rìn-ín.

Àwọn mìíràn tún wà tí orúkọ wọn ń tú àṣírí. Èwo ni ká máa pe ike ní "Ẹ̀yìn Òpó"? Kí ni ẹni tó ń bọ̀ tún fẹ́ wá? Lójú tèmi, orúkọ tó dáa ni èyí tí ẹni tó ń wá ike á kà tí kò ní yé e, ṣùgbọ́n tó bá rí i tán, á ní "Háà!", á sì máa dá rẹ́rìn-ín nínú igbó. Ọ̀nà àlọ́ àpamọ̀ nìyẹn, ta ló sì mọ̀ ọ́n jù wá lọ? Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ni garawa Oregon ọjọ́ kìíní yẹn, tí mo mọ̀ pé agolo ẹ̀wà wà nínú rẹ̀, Òrúkú Tindí Tindí ni ǹ bá pè é. Ẹni tó bá bí igba ọmọ tí gbogbo wọn lé tìróò, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá a wò.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe dé ìdí Àìná. Agbẹ̀bí ni mí, láti Ilé-Ifẹ̀ títí dé London. Bí orí ọmọ bá ti yọ, kí èjìká tó tẹ̀lé e, ìka ni agbẹ̀bí máa ń fi wá ọrùn ọmọ náà, bóyá ìwọ́ wé mọ́ ọn. Bó bá wé, tí kò sì fún jù, a ó rọra fà á gba orí rẹ̀ kọjá, bí ẹni bọ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò tíì fojú kàn án nígbà yẹn, ṣùgbọ́n èmi ti mọ orúkọ tó ń jẹ́. Kò sí ẹni tó fún un, òun ló mú un bọ̀ látọ̀run.

Ike tí mò ń wí yìí kò gùn ju ìka lọ, àwọ̀ ewé ni. Òfin eré wa kò gbà kí a kan ìṣó mọ́ igi, nítorí náà okùn ni mo fi so ó rọ̀ sára ẹ̀ka kan, okùn náà sì lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn ní ìlọ́po mẹ́ta, lábẹ́ ìdérí gan-an. Bí ẹni tó rí i kò bá fara balẹ̀ tú u kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìdérí kò ní ṣí. Bàbá, kí ni kí n pe ọmọ yìí? Green Tube nọ́ńbà kẹrin?

Nínú ìwé Àìná ni mo ti ka ọ̀rọ̀ kan tó mú kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ọmọbìnrin kan, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wá. Ó kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé Àìná wà lára orúkọ òun, pé òun kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí rẹ̀ rí, àfi ìgbà tí òun ń tú okùn náà tí bàbá òun bú sẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì sọ fún òun bí wọ́n ṣe bí òun. Ó ní àwọn pe ìyá-ìyá òun lórí fóònù láti abẹ́ igi náà. Ìwé yẹn kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, ọmọ náà kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá àyè ẹni mẹ́rin. Bí èyí bá jẹ́ ìwọ̀sí, kí Ọlọ́run fún wa ní púpọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn Àìná ni àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí dé. Èyí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì, tó dojú bolẹ̀ lábẹ́ irin ìdìmú àtẹ̀gùn kan, Àjàyí ni. Èyí tí mo dì sínú àpò aṣọ aláwọ̀ ewé, tí ẹ máa já àpò kẹ́ ẹ tó rí ike, Ọ̀kẹ́ ni. Èyí tí ìtàkùn bò lórí bí irun ọlọ́jọ́ pípẹ́, ẹ ti mọ̀ ọ́n, Dàda ni, mo sì fi owó ẹyọ kan sínú rẹ̀, torí pé a kì í wo Dàda lásán. Ìgè wà nínú ihò kùkùté igi kan, ìdí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá ń wá ìdérí lókè á pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n kì í ṣe orúkọ tí mo kàn rò sórí. Mo máa ń wo bí ike ṣe jókòó síbi tí mo fi í sí kí n tó sọ ọ́ lórúkọ. Mo ti gbé ike kan lọ sí igbó rí pẹ̀lú èrò pé Ọ̀kẹ́ kejì ni yóò jẹ́, nígbà tí mo rí bó ṣe dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo gbé e padà wálé.

Ti àwọn ìbejì, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lọ́wọ́ mi, torí pé Ìyá Ìbejì ni mí ní tòótọ́. Ẹ̀bá odò Thames ni àwọn wọ̀nyí wà, lọ́nà Crossness, níbi tí ilé ẹ̀rọ tí onímọ̀ ẹ̀rọ Bazalgette kọ́ fún fífa omi ẹ̀gbin London ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1865. Táyéwò rọrùn, ìràwọ̀ kan àbọ̀ péré ni mo fún ìṣòro rẹ̀ nínú márùn-ún, ẹni tó bá ní ojú á rí i. Nọ́ńbà tó ń júwe ibi tí Kẹ́yìndé wà, inú ìdérí Táyéwò ni mo kọ ọ́ sí. Òfin ní kí mítà 161, ó kéré tán, wà láàárín ike kan sí èkejì, torí náà mo jẹ́ kí Táyéwò jìnnà díẹ̀ síwájú, kó lọ tọ́ ayé wò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Kẹ́yìndé le jù ú lọ dáadáa. Ọkùnrin òyìnbó kan kọ̀wé pé kí ló dé tí mo fi kọ ọ́ pé èyí tí a rí kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n. Mo dá a lóhùn pé ta ló rán ta níṣẹ́? Ó padà kọ̀wé pé òun ti ka nǹkan púpọ̀ nípa ìbejì Yorùbá láti ọjọ́ náà, àti pé ìyàwó òun ní kí òun lọ sùn. Ìdòwú wà lẹ́yìn wọn, èṣù lẹ́yìn ìbejì. Ẹni tí kò bá rí àwọn méjèèjì kò lè rí Ìdòwú, ọ̀pọ̀ tó sì rí àwọn méjèèjì kò rí i síbẹ̀. Mi ò ní wí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá ti wọ̀ mí lára jù lọ ni ti orúkọ àbíkú. Òótọ́ ni, mo lò ó. Ike kan wà lójú ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà lọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Láti 2022 tí ọkọ̀ Elizabeth line ti ń dé Abbey Wood, èrò pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, àwọn ọ̀gbẹ̀rì tí kò mọ̀ nípa eré wa kò sì lè rí ike kí wọ́n má gbé e. Mo gbé ọ̀kan síbẹ̀, ó lọ. Mo gbé òmíràn, mo pè é ní Málọmọ́, ó tún lọ. Mo pe èyí tó tẹ̀lé e ní Dúrósinmi, kò dúró, kò sì sinmi. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, Kòsọ́kọ́ ni. Ẹ sì mọ̀ pé òfin eré yìí kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ilẹ̀ láti fi ike pamọ́ láìgba àṣẹ onílẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọkọ́ wá ti ṣẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé Kòsọ́kọ́ ni orúkọ tó mú ọgbọ́n wá jù nínú gbogbo èyí tí mo ti sọ.

Bàbá ní ẹni tí kò sin ọmọ rí ni yóò fi àbíkú ṣeré. Mo ti gbé ọmọ tí kò ké fún ìyá tó ń retí igbe rẹ̀. Mo mọ àwọn ìyá tí àìsàn sickle cell gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, tí wọ́n ń gbé wọn kiri ilé babaláwo àti ilé àdúrà, tí kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ tọkọtaya wò. N kò fi wọ́n ṣeré. Ṣùgbọ́n òbí tó sọ ọmọ ní Kòsọ́kọ́, kì í ṣe ẹkún ló ń sun nínú orúkọ yẹn. Irọ́ ló ń pa fún ikú: ọkọ́ ti tán nílé, kò sí ohun tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀, o jẹ́ yáa padà. Àwàdà ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí màbo ni. Bí ẹni tí nǹkan náà dùn jù lọ bá lè kọjú sí ikú fi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà lè fi bá olè tó ń jí ike mi wí.

Pé ike kì í ṣe ènìyàn, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà wo ni a ti ń fi orúkọ mọ sórí ènìyàn nìkan? Àwọn bàbá wa ń fi òwe sọ ajá lórúkọ, kí wọ́n lè máa pe ajá sọ̀rọ̀ sí aládùúgbò tó ń ṣe ìlara. Àwọn ìyá aládìrẹ ya òpó gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí sórí aṣọ, wọ́n pè é ní Ìbàdàndùn, títí dòní ni a ń ró o. Mọ́tò akẹ́rù tí kò ní ọ̀rọ̀ lórí, ṣé ẹ ti rí i rí?

Mo ní ààlà tèmi náà o. Mi ò kì í fi oríkì ènìyàn sí ike: kò sí Àjọkẹ́ mi nínú igbó, kò sí Àkànní. Mi ò kì í fi orúkọ tó ní Olú tàbí Ifá tàbí Ògún nínú sí i. Àwọn aláyẹ̀wò tó ń yẹ ike wò fún ìkànnì, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà láìgba kọ́bọ̀, kì í fẹ́ orúkọ tó ń polówó ọjà tàbí tó ń wàásù, mo sì rò pé wọ́n gba ibẹ̀. Bí orúkọ sì ti wù kó ní àdììtú tó, mo máa ń kọ geocache gàdàgbà sára ike náà fúnra rẹ̀. Ní Wetherby, lápá Yorkshire, ní 2011, ẹnìkan rò pé bọ́ǹbù ni ike kan tó wà nítòsí ilé oúnjẹ, wọ́n pe àwọn ológun, wọ́n sì fọ́ ọ yángá. Nílé wa lọ́hùn-ún, ẹ̀rù mìíràn ló máa bà wọ́n. Ike tí wọ́n dì lókùn lábẹ́ igi ní oríta, ta ló máa ṣí i?

Ohun kan tí mo fẹ́ bẹ àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ṣe eré yìí ni pé kí wọ́n máa fi àmì sórí orúkọ. Ìkànnì máa ń gbà á. Àwọn ọ̀rọ̀ ìtọ́ka tí a ń kọ ní àdììtú fún ẹni tó ń wá ike, tí A á di N, tí B á di O, lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti òyìnbó nìkan ni ọgbọ́n yẹn mọ̀, ẹ, ọ, ṣ wa kò sí níbẹ̀, torí náà Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń fi kọ ìtọ́ka. Orúkọ kò ní àwíjàre kankan. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, rí "Oke" lórí fóònù rẹ̀ tí kì í fi àmì hàn, ló bá gun òkè Bostall lọ, Ọ̀kẹ́ mi sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó ṣì ń bínú.

Ó ku ọ̀kan tí n kò tíì sọ lórúkọ, orí tábìlì ló wà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo ti gba àṣẹ láti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn ọmọdé ti máa ń sẹ́ iyanrìn ní Lesnes, tí wọ́n ń rí eyín ẹja yanyan tó ti di òkúta láti ohun tó lé ní àádọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àpótí igi kékeré ni, ó ní ìlẹ̀kùn méjì: èyí tó wà níwájú kì í ṣí, ẹ̀yìn ni ènìyàn ti ń ṣí i. Bàbá wa tó wà ní Òṣogbo ni mo fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Kí orúkọ náà má tọ́ka sí ẹ̀yìn, kí ó má polówó, kí ó má wàásù, kí wọ́n sì kọ àmì rẹ̀ pé. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, Olóòtú, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí n lè rí i. Bí a bá pé ọjọ́ mẹ́jọ tí n kò gbọ́ nǹkan kan, èmi ni n ó dá a sọ lórúkọ, kí wọ́n má sì tún bínú kọ lẹ́tà mìíràn o.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì,
agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì,
Abbey Wood, London